Ilẹ̀ Tí A Fi Sílẹ̀ Fún Omi

Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ló máa ń gbé mi padà sí Ìkòtún. Láyé ìgbà yẹn, bóyá ìwọ náà rántí, gbogbo àdúgbò wa ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti rí owó díẹ̀, ilé ló ń tún ṣe: èyí ń wó yàrá amọ̀, èyí ń mọ fẹ́ǹsì, èyí ń da kọnkéré sí gbogbo iwájú ilé títí adìẹ ò fi ríbi walẹ̀ jẹun mọ́. Wọ́n á wá máa fọ kọnkéré náà láràárọ̀ bí ẹni ń fọ abọ́. Ọ̀làjú nìyẹn lójú wa.

Àwa náà ra ilé àtijọ́ kan, a sì fẹ́ tún un ṣe. Àmọ́ olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọkọ mi, kò sì fẹ́ ṣe tiẹ̀ bíi tàwọn yòókù. Ó ní ibi tí òjò bá rọ̀ sí ló yẹ kó ti rì wọlẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, torí òun ló ń ṣíji bo ilé. Nígbà tí káfíńtà fẹ́ kó pákó òrùlé àtijọ́ dànù, ó ní kí wọ́n yọ ìṣó ara wọn, kí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. Ó la fèrèsé ńláńlá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí atẹ́gùn lè gba inú yàrá kọjá, ká má máa retí iná ká tó rí oorun sùn. Omi òrùlé ń ṣàn sínú àgbá, a fi ń fọṣọ. Iwájú ilé ńkọ́? Koríko ló gbìn síbẹ̀. Bíríkìlà wò ó, ó ní, "Tíṣà, ṣé màlúù lẹ fẹ́ máa sìn ni?" Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi o, ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kó wọlé, kí n má purọ́ fún ọ, mo gbádùn ilé yẹn. Lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn tí ilé àwọn èèyàn ń gbóná bí ààrò, tiwa tutù. Òjò á rọ̀, kí n tó se ọbẹ̀ tán, ilẹ̀ á ti fà á mu.

Ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa gbé. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, àyà rẹ̀ ò sì fẹ́ òtútù rárá. Ọkọ mi nìkan ló kù tí ó bí, kò sẹ́ni tí yóò tọ́jú rẹ̀ nílé mọ́. Ó wo yàrá ẹ̀yìn, ó wo máńgòrò láti ojú fèrèsé, ó ní, "Ẹ má gbé mi lọ ibì kankan mọ́. Ibí ni n ó wà." Inú ọkọ mi dùn débi pé ó ń kọrin nígbà tó ń to bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀.

Alájì kan ló wà nílé tó kàn wá, ọmọ Ìbàdàn, páànù ló ń tà. Èèyàn dáadáa ni, kì í jẹ Iléyá kó má gbé ẹran fún wa. Nígbà tó kan òun náà láti tún ilé ṣe, típà bẹ̀rẹ̀ sí í já yanrìn síwájú ilé rẹ̀ títí ilẹ̀ rẹ̀ fi ga ju tiwa lọ, ó wá da kọnkéré lé gbogbo rẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn wa rí i, ó kún tiẹ̀ ju ti Alájì. Ẹni iwájú wa náà ò gbà kí wọ́n ga jù ú lọ. Kí a tó mọ̀, ilé wa ti di ìsàlẹ̀ abọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnnì, òjò ń rọ̀. Mo gbọ́ tí ìyá pè mí, kò pariwo. "Ìyàwó mi, omi ti wọlé o." Mo sáré wọlé. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi, bàtà rẹ̀ ti léfòó lọ sídìí ilẹ̀kùn. Koríko wa ń mu ún lóòótọ́, àmọ́ omi gbogbo ilé yẹn kọjá agbára koríko. Láti ọjọ́ náà, kò sí òjò tó rọ̀ tí a ò gbọ́n omi.

Ọkọ mi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé àwọn láńlọ́ọ̀dù. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí oníkálukú ṣí ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀, ká sì jọ gbẹ́ gọ́tà kan. Wọ́n gbọ́ ọ tán pẹ̀lú sùúrù. Alájì ló dáhùn. "Tíṣà, òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ mo ti da kọnkéré tèmi, ṣé kí n wá máa fọ́ ọ ni? Ẹ̀yin náà ẹ da yanrìn, ká sinmi jàre." Kò fi ìjà sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó kórìíra wa, kò kúkú sẹ́ni tí mo lè bá jà, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí.

Kí òjò ọdún yẹn tó dáwọ́ dúró, ìyá ti ń húkọ́ débi pé kò lè mí dáadáa. Dókítà ní tó bá tún sùn nínú yàrá tútù bẹ́ẹ̀, àyà rẹ̀ ò ní lè gbé e. Yàrá wo ló wá gbẹ nínú ilé wa? Pálọ̀ pàápàá, omi ń dé ibẹ̀. Ọkọ mi jókòó ti ìyá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó lọ pe típà.

Wọ́n kún gbogbo ilẹ̀, wọ́n gbé ilẹ̀ yàrá sókè, wọ́n da kọnkéré bo koríko. Máńgòrò ò ṣeé fi sílẹ̀, torí ibi tí yanrìn máa dé ni ó wà, wọ́n gé e. Ọkọ mi ti lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ náà, kò dúró wò ó. Bíríkìlà tó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ níjọ́sí ló tún wá ṣe iṣẹ́ náà. Inú mi bàjẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ.

Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn náà, yàrá ìyá gbẹ táútáú. Ó fi aṣọ bora, ó jókòó sójú fèrèsé, èmi náà dúró tì í. Àṣé ọ̀dọ̀ opó kan tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ wa ni omi gbà lọ. À ń wò ó bó ṣe ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lé orí tábìlì, tó ń fi bàsíà da omi síta, omi sì ń padà wọlé. Omi ò dé ilé rẹ̀ rí tẹ́lẹ̀. Ìyá wò ó títí.

"Ìyàwó mi, ṣé omi wa nìyẹn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Ó ní kí n mú bàsíà, kí n lọ bá a gbọ́n ọn. Mo lọ. A jọ gbọ́n omi náà títí apá fi ń ro wá, ilé mi ló sì ń ti bọ̀. Tí àwọn èèyàn bá ń sọ fún mi lónìí bí wọ́n ṣe fẹ́ kọ́ ilé tí kò ní ni ilẹ̀ lára, mo máa ń gbọ́ wọn tán, torí kò sí èyí tí a ò ṣe nínú rẹ̀. Ohun tí a ò ní ni ẹni tí yóò bá wa ṣe é. Ní ti opó yẹn, ṣe ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní aládùúgbò rere ni mí, mi ò sì lè gbójú sókè wò ó.