Ọ̀rọ̀ Tí Tíṣà Akíndèjì Kọ́ Adigunjalè

Kò sí ẹni tó gbọ́njú ní Ìkirè tàbí Àpòmù tí kò tíì gbọ́ bí olóògbé Tíṣà Obadiah Akíndèjì ṣe kọ́ adigunjalè ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ gan-an ló ń sọ ọ́ jù.

Ìkómọjáde ni Tíṣà àti àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn àtijọ́, tí àwọn náà ti di bàbá àti ìyá, ti ń bọ̀ ní Ìkòyí. Kí ọkọ̀ tó dé Àpòmù, àwọn adigunjalè dá a dúró, wọ́n ní kí gbogbo èrò dojú bolẹ̀ nínú koríko. Olórí wọn ló bani lẹ́rù jù. Á rẹ́rìn-ín, á ní kí ẹnikẹ́ni má fòyà. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, á ti gbé ìbọn sí etí Sàlámọ̀tù tó ń ta dòdò ní Ìkirè, á ní òun máa pa á. Á tún bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Sàlámọ̀tù ti ń ṣe lá ìláhà lábẹ́ ahọ́n.

Tíṣà gbórí sókè. “Ọmọ mi, ìwà rẹ yìí, mercurial ni.”

Ìbọn yí sọ́dọ̀ wọn. “Bàbá, ṣé ẹ̀ ń bú mi ni?”

Tíṣà ní èébú kọ́. Wọ́n ní òrìṣà kan wà tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń bọ, Mercury lorúkọ rẹ̀; ìránṣẹ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Orúkọ yẹn ni wọ́n fún ìràwọ̀ tó ń sáré yí oòrùn ká ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n tún fún irin tó ń ṣàn bí omi, tí ọwọ́ kò lè dì mú. Àwọn ará àtijọ́ gbà pé ẹni tí a bá bí sábẹ́ ìràwọ̀ náà, inú rẹ̀ á dùn báyìí, á tún korò báyìí. Ibẹ̀ ni mercurial ti wá. Tíṣà kò ṣàì fi kún un pé òrìṣà yìí kan náà ni alábòójútó àwọn olè.

Èyí dùn mọ́ olórí nínú. Ni Tíṣà bá gbàgbé ibi tí wọ́n wà, wọ́n fi ohùn kíláàsì béèrè: “Ṣé ó yé yín?”

Gbogbo èrò tó dojú bolẹ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Yes, sir!”

Àwọn olè tó ń ṣọ́ títì gbọ́ igbe, wọ́n rò pé àwọn ọdẹ ìlú ló ya bò wọ́n. Wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Olórí náà bá wọn sá, kò tilẹ̀ dágbére fún Tíṣà.

Láti ọjọ́ náà ni Tíṣà ti ń fọ́nnu pé ẹ̀rù kò ba òun rárá. Susannah ìyàwó wọn á kàn máa rẹ́rìn-ín sínú. Ó mọ̀ pé ẹ̀rù gan-an ló máa ń fún ọkọ òun lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ejò wọ balùwẹ̀, orí àga ni wọ́n gùn, tí wọ́n ń ṣàlàyé orúkọ ejò ní èdè Látìn fún un, òun sì ń fi igi pa ejò.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà ní kí wọ́n máa gbé Tíṣà lọ sílé, kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe. Wọ́n gbé wọn dé Ìkirè. Nígbà tí wọ́n tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì tán, Tíṣà di aṣọ ìbora mú pinpin.

“Susannah, ṣé mo ti sọ ibi tí mercurial ti wá fún ẹ rí?”

Ó ti gbọ́ ọ, ó ti sú u. Ẹ̀rù ń ba òun náà, ẹ̀rù ilé tí yóò dákẹ́. Ó jókòó tì wọ́n, ó gba ọwọ́ wọn mú.

“Rárá o, Bàbá Ọpẹ́yẹmí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.”

Wọ́n sọ ti òrìṣà, wọ́n sọ ti ìràwọ̀, wọ́n dé orí irin tí ọwọ́ kò lè dì mú. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

“Ṣé ó yé ẹ?”

“Yes, sir,” ni Susannah wí, kò sì fi ọwọ́ wọn sílẹ̀.