Oríkì Tí Mo Kì Sínú

Nígbà tí mo wà ní kékeré... má bínú, ọmọ mi, iyè mi ti ń ra. Ohun tí mo bá gbàgbé, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí ò ń bá mi kọ yìí. Yàrá kan ṣoṣo la gbà ní Ogui, àdúgbò tí wọn kì í ti í sọ Yorùbá, èmi, ìyá mi àti àbúrò mi ọkùnrin. Bàbá mi ti kú. Ìyá mi ò mọ̀wé, bí èmi náà ò ṣe mọ̀ ọ́n, àmọ́ tó bá ń kì wá, ọ̀rọ̀ tí ìró wọn bára mu ló máa ń tò léra wọn. Ti àbúrò mi rèé:

"Kò kọ kíkí, kò kọ kíké, kò kú, kò káàárẹ̀, kò kúrò lẹ́yìn ìyá ẹ̀."

Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í dákẹ́ títí ọmọ á fi dáhùn. Ó ní tí ọ̀rọ̀ bá so mọ́ra wọn bẹ́ẹ̀, ikú ò ní rí àlàfo gbà wọlé.

Ibà wá mú àbúrò mi. Ìyá mi gbọ́dọ̀ lọ tajà, torí a ò ní ohun tí a máa jẹ. Ó ní, "Jókòó tì í. Máa kì í, kó máa gbọ́. Ẹnu ẹ ò gbọdọ̀ dákẹ́ o."

Mo ń kì í, ó ń dá mi lóhùn. Làwọn ọmọ àgbàlá wa bá yọjú lójú fèrèsé. Wọn ò gbọ́ Yorùbá, kò-kò-kò nìkan ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu mi. Ni wọ́n bá ń gbọn apá bí adìyẹ: "Kò-kò-kò! Fowl don lay egg!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ojú tì mí. Mo panu mọ́, mo ń kì í sínú.

Àbúrò mi ní, "Bùrọ̀dá, mi ò gbọ́ yín mọ́."

Mo ṣẹ́wọ́ sí i pé kó dákẹ́, torí àwọn yẹn ṣì ń wò wá. Nígbà tí wọ́n lọ tán tí mo yíjú sí i, ó ti kú.

Ìyá mi dé. "Ṣé o kì í?"

"Mo kì í, màmá."

Kò bi mí mọ́. Kò sì kì mí mọ́ títí ó fi kú, orúkọ mi lásán ló ń pè. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kan ló sọ fún un.

Ibà ló pa àbúrò mi, mo mọ̀. Àmọ́ ó ń wá ohùn mi, kò rí i.

Ayé ti yí padà. Ní Abakpa tí a wà yìí, kò sí kọ̀rọ̀ tí wọn kì í ti í ta oògùn ibà. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n Pidgin lẹ fi ń pe ara yín nínú ilé, ẹnikẹ́ni ò kì yín. Ẹ̀bi mi ni. Bàbá ẹ gan-an ò mọ oríkì yìí, torí mi ò tíì gbé e sẹ́nu láti ọjọ́ yẹn. Ìwọ lo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ó tó. Kà á fún mi. Kà á sókè, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ níta.