Ilé Ìgbẹ́ Inú Ọkọ̀ Onígbòkun

Fáàfù tó ń pa omi náà já mọ́ mi lọ́wọ́. Omi ọ̀sà tú jáde láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, ó lù mí láyà, ó sì tutù. Mo pariwo, "Olúwa gbà mí o!" Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fi àtẹ́lẹwọ́ mi dí ihò náà. Omi ń gba àárín ìka mi jáde. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà nínú yàrá kótópó kan nínú ọkọ̀ kékeré lórí omi, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ odò wẹ̀.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ pọ́ńbà. Láti ìgbà tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Agége ni mo ti kọ́ ọ, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà ní Dópẹ̀mú. Àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ìkẹjà ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Èmi ni mo máa ń wá ibi tí páìpù wọn ti dí, èmi ni mo máa ń tún ilé ìgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ṣe. Ìyá Pọ́ńbà ni wọ́n ń pè mí. Tí àwọn tí kò mọ̀ mí bá rí mi pẹ̀lú híjáàbù mi àti àpò irinṣẹ́, wọ́n á ní, "Ọkọ yín dà?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ọkọ mi wà lọ́jà, aṣọ ló ń tà.

Ṣùgbọ́n omi inú páìpù ni omi tí mo mọ̀. Ó níbi tó ti ń bọ̀, ó níbi tó ń lọ, tí èèyàn bá sì ti pa á, ó tán. Omi ọ̀sà yàtọ̀. Bí mo bá wà nínú mọ́tò tó ń gba orí afárá kọjá, ojú ni mo máa ń dì títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá Ajíbádé ló gbé mi dé orí omi. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ní Aláúsá. Èmi ni mo máa ń tún ẹ̀rọ omi ilé wọn ṣe. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń kó irinṣẹ́ mi, wọ́n ní, "Ìyá Pọ́ńbà, ṣé o lè bá mi ṣe ilé ìgbẹ́ tí kì í lo omi?"

Mo ní, "Ṣáláńgá ni, Bàbá?"

"Rárá o. Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo fẹ́ kó wà."

Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣeré ni. Àṣé lóòótọ́ ni wọ́n ní ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan, irú èyí tí afẹ́fẹ́ máa ń tì. Ilé ìgbẹ́ tó wà nínú rẹ̀ a máa fa omi ọ̀sà wọlé, a sì máa da ẹ̀gbin padà sínú ọ̀sà, níbi tí àwọn apẹja ń na àwọ̀n sí. Ara Bàbá kò gbà á mọ́. Ní ti Màmá, ìyàwó wọn, orúnkún ń dùn wọ́n, ìtọ̀ sì máa ń gbọ̀n wọ́n lemọ́lemọ́. Ilé ìgbẹ́ ọ̀hún ń rùn, pọ́ńpù rẹ̀ sì le. Màmá ti ní àwọn kò bá Bàbá lọ mọ́. Bàbá náà kò sì fẹ́ máa dá lọ.

Irú èyí tí wọ́n fẹ́ yìí, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ kì í pàdé nínú rẹ̀. Iwájú àga ni ìtọ̀ ń gbà lọ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ̀yìn ni ìgbẹ́ ń já sí, sínú ike ńlá tí a ti da èèpo àgbọn lílọ̀ sí. Irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí èèyàn á fi rò ó pọ̀ lẹ́yìn tó bá ṣe tán. Bó bá pẹ́, á di ilẹ̀dú. Mo kan àpótí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì lọ sí Computer Village lọ ra fáànù kékeré tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà, kí ó lè máa fa afẹ́fẹ́ inú ike náà jáde. Ẹni tó tà á fún mi béèrè irú kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ fi sí.

Mo ní, "Ilé ìgbẹ́ ni."

Ó wò mí títí. "Mọ́mì, ṣé kí ìdí má baà gbóná ni?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo rín kẹ́yìn lórí iṣẹ́ náà fún ìgbà pípẹ́.

Lọ́jọ́ tí a máa yọ ilé ìgbẹ́ àtijọ́ kúrò, apẹja kan ló fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé èmi, Bàbá àti Màmá lọ sídìí ọkọ̀ onígbòkun náà, tí wọ́n so mọ́ ìdákọ̀ró lójú omi. Màmá ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i kí wọ́n tó gbà. Ọkọ̀ ń fì sọ́tùn-ún sósì. Apẹja náà fi wá síbẹ̀, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi àwọ̀n rẹ̀. Mo wo èbúté, ó ti jìnnà.

Abẹ́ ilé ìgbẹ́ àtijọ́ yẹn ni páìpù tó ń fa omi ọ̀sà wọlé gbà, fáàfù idẹ kan ló sì ń pa á. Bàbá ní àwọn ti pa á. Mo yí i wò, lóòótọ́ ó ti tì. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ti jẹ idẹ náà láti inú, òde ara rẹ̀ nìkan ló dúró. Bí mo ṣe fa róbà orí rẹ̀ yọ, ó kán pátá láti ìdí.

"Bàbá! Omi ń wọlé o!"

Wọ́n yọjú, mo sì rí i tí ojú wọn yí padà. "Fi ọwọ́ rẹ síbẹ̀! Má gbé e kúrò!" Wọ́n ní igi kan yẹ kó wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti fi dí ihò nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń tú àpótí, wọ́n ń ju nǹkan sílẹ̀, wọn kò rí i. Omi ti bo orúnkún mi. Màmá jókòó sórí tìmùtìmù ní iwájú mi, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn, wọn kò lè yára dìde. Wọ́n ń ka Orin Dáfídì. Èmi náà ń ka Fátíà, mo sì ń ṣì í kà. Àwọn ọmọ mi ni mò ń rò.

Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Mo mọ̀ pé bí n kò bá rí nǹkan kì bọ ihò yẹn, gbogbo wa la máa lọ. Ojú mi bọ́ sára òòlù mi. Igi ni ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín ju ihò náà lọ.

Mo kígbe, "Màmá, ẹ fún mi láṣọ! Aṣọ èyíkéyìí!"

Màmá fa ìborùn wọn yọ, wọ́n jù ú sí mi. Eyín ni mo fi dì í mú tí mo fi ń fi ọwọ́ kan wé e mọ́ ọwọ́ òòlù náà. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ kúrò. Omi fò dé ojú mi, n kò rí nǹkan kan mọ́. Mo fọwọ́ wá ihò náà kàn, mo ki igi àti aṣọ bọ̀ ọ́, mo lọ́ ọ, mo sì fi sípánà gbá a wọlé. Omi náà dínkù. Ó wá ń sun díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi òòlù náà sílẹ̀, omi á tì í sókè.

Bàbá bọ́ síta, wọ́n ń ju aṣọ sókè, wọ́n ń pariwo títí apẹja náà fi gbọ́. Ọkọ̀ rẹ̀ kò lè kó gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà nítorí wọ́n máa gbé Màmá tẹ́ sílẹ̀. Màmá wò mí. "Ọmọ mi, ìwọ ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ máa lọ, Màmá. Ẹnìkan ní láti di èyí mú."

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ọkàn mi ń sọ pé kí n fo wọnú ọkọ̀ àjẹ̀ yẹn kíá. Bàbá dúró tì mí, wọ́n ń fi pọ́ńpù ọwọ́ fa omi jáde. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tí apẹja náà lọ pè wá fi okùn wọ́ wa. Mi ò tú òòlù náà sílẹ̀ títí ìdí ọkọ̀ fi ha iyanrìn. Bàbá ló tú ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ẹ̀rọ omi nílé wa, àyà mi á já. Mo lọ bá ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Alhaji Sàlámì, nítòsí ojú irin ní Agége, mo ní n kò padà síbẹ̀ mọ́, kí wọ́n bá mi wá ẹlòmíràn. Wọ́n gbọ́ mi tán.

"Ràṣídà, ẹ̀rù omi ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí, Alhaji."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Pọ́ńbà tí ẹ̀rù omi kò bá bà, kì í yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ẹni bẹ́ẹ̀ lo fẹ́ rán sí àwọn arúgbó yẹn?"

Mo padà lọ. Orí iyanrìn ni ọkọ̀ náà wà. Ọkùnrin kan tó ń fi fáíbà, ike olómi tó máa ń le bí òkúta, tún ọkọ̀ ṣe ní èbúté ló dí àwọn ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa, ihò tó ń fa omi wọlé àtèyí tó ń da ẹ̀gbin síta. Mo ní kó fi ìpele mìíràn kún un. Ó ní ó ti tó. Mo ní kó fi kún un. Mo gbé ilé ìgbẹ́ mi wọlé, mo dè é mọ́lẹ̀ kó má baà ṣubú nígbà tí ọkọ̀ bá ń fì, mo sì fi páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ yọ sí òkè. Fáànù kékeré yẹn ń kùn bíi kòkòrò.

Nígbà tí wọ́n ń tì í padà sómi, mo ní inú rẹ̀ ni mo máa wà. Bàbá ní kò pọn dandan. Mo ní bí fáíbà yẹn bá máa jò, kó jò níṣojú mi, kó má jẹ́ níṣojú Màmá. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo ti kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ yẹn, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sórí ibi tí wọ́n dí. Mo gbọ́ tí omi ń lu ìdí ọkọ̀ láti ìta. Mo dúró títí. Gbígbẹ ló gbẹ.

Ọjọ́ tí wọ́n ta ìgbòkun, Màmá ní àfi kí n bá àwọn lọ. A ò tíì jìnnà tí ìtọ̀ fi gbọ̀n wọ́n. Wọ́n wọlé, wọ́n pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń yí irin náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtọ̀ nìkan kò nílò rẹ̀. Wọ́n jáde, wọ́n jókòó ti Bàbá, wọ́n ní, "Kò rùn. Ẹ wà wá lọ jìnnà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan náà ní irú ọkọ̀ yìí, ó sì ti ń béèrè mi. Ṣé kí àwọn sọ fún un pé mò ń bọ̀?

Mo di etí ọkọ̀ mú ṣinṣin. Mo wo omi tó yí wa ká.

Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé mò ń bọ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wọ́ ọkọ̀ wọn gun orí iyanrìn."