Kọ̀ǹpútà Kékeré Tí Ìyá Wa Gbé Lọ sí Lalupon

Ohùn kan ló fà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ọmọ àbúrò mi lọ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìyànà Ọ̀fà. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ tí yóò máa gbé e káàkiri abúlé, ó sì mọ ohun tó ń fẹ́: kékeré, tí apá òun ká, tí òun lè máa fi kọ̀wé lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń tajà kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Èkejì, ó gbé ẹ̀rọ kan tó fẹ̀ bí àtẹ ẹlẹ́pà síwájú wa. Ẹ̀kẹta, ó ní ká máa ronú bí ẹni ńlá. Mo ti ń to èsì mi lẹ́sẹẹsẹ nígbà tó pa ìdérí ẹ̀rọ kékeré kan dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti tì í sápá kan. Ó dún kẹ́. Gbogbo ìbínú mi dúró. Mo di ọmọ ọdún mẹ́wàá padà.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ kò lè mọ bí inú ilé wa ṣe dùn tó lọ́dún tí Ìyá wa ń wá kọ̀ǹpútà. Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Ìyànà Ọ̀fà náà là ń gbé, nínú ilé oníyàrá méjì tí ìtàkùn ẹlẹ́gẹ́dé bo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Bàbá wa jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé gírámà. Ìyá wa ń lọ kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa gbin ẹ̀gẹ́ tuntun tí ìjọba kó wá. Lọ́dún náà, ọ́fíìsì wọn pàṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ máa bójú tó Lalupon àti àwọn abúlé tó yí i ká gbọ́dọ̀ máa mú ìjábọ̀ rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kí ó sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, Ṣakí ni wọn yóò gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìrẹ́jẹ náà wò dáadáa. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ọ́fíìsì, ọ̀gá wọn sì jókòó tì í bí adìyẹ tó sàba. Wọ́n béèrè iṣẹ́ tí wọn kò fúnni ní irinṣẹ́ rẹ̀, wọ́n wá fẹ́ tìtorí ẹ̀ mú abiyamọ jìnnà sílé. Mo ti kàwé dé yunifásítì, n kò tíì rí òfin tó fàyè gba irú rẹ̀. Lójú èmi àti Mùínà ẹ̀gbọ́n mi, Ṣakí jìnnà ju Mẹ́kà lọ, nítorí a mọ àwọn tó ti Mẹ́kà dé.

Ìyá wa kò sunkún. Ó ní òun máa ra kọ̀ǹpútà tòun. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ nílé wa. Tí a bá ń jẹun, kọ̀ǹpútà ni. Tí wọ́n bá ń di irun Mùínà, kọ̀ǹpútà ni. Bàbá wa fẹ́ èyí tó tóbi, ó ní ohun tó bá níyì a máa wúwo, ẹ wo Kùránì, ẹ wo Bíbélì. Ìyá wa ní ọ̀kadà lòun máa gùn, òun kò ní gun pẹpẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, gbogbo wa wọ aṣọ tó dáa, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá. Ẹni tó ń tajà so táì, ó gbé ẹ̀rọ dúdú ńlá kan sórí tábìlì, ó tàn án. Ojú rẹ̀ mọ́ rekete. Bàbá wa mí kanlẹ̀.

Ìyá wa ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wáyà rẹ̀ ká wò ó."

"Ha, màdáàmù, kò pọn dandan."

"Ẹ sáà yọ ọ́."

Ó yọ ọ́. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, ó dákẹ́ lọ gbári.

Ọkùnrin náà ní, "Bátìrì rẹ̀ ń sinmi ni."

Bàbá wa béèrè, "Ṣé ó máa jí?"

"Ó ti kú, Bàbá Mùínà," ni Ìyá wa wí. "Òkú ni wọ́n fẹ́ dì fún wa."

Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ lọ sínú àpótí onígíláàsì. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí kò ju ìwé àdúrà lọ. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́ wá. Nígbà tó ṣí i, ó dún kẹ́, àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ sì tò bí hóró àgbàdo lára ṣùkù. Bátìrì kéékèèké méjì ló ń lò, irú èyí tó wà nínú aago ara ògiri. Ìyá wa fi ìka kan tẹ "Lalupon" sí i, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde lójú rẹ̀. Èmi àti Mùínà pariwo. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti òkú yẹn.

Ọkùnrin náà yínmú. "Màdáàmù, ìyẹn fúyẹ́ fún irú yín."

"Ẹ jẹ́ kóun fúyẹ́," ni Ìyá wa dáhùn. "Èmi ni mo máa wúwo."

Síbẹ̀, Bàbá wa ṣì ń wo ẹ̀rọ ńlá náà tìfẹ́tìfẹ́. Ìyá wa bá fa bẹ́ǹṣì oníbàárà sí àárín ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá Mùínà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síwájú níbí. Ẹ di ọlọ́kadà."

"Èmi olùkọ́ àgbà?"

"Kòtò ọ̀nà Lalupon kò mọ olùkọ́ àgbà. Ẹ máa wà á lọ."

Bàbá wa jókòó, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń fi ẹnu ṣe "fùùù" láàárín ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni. Ìyá wa jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ ńlá sórí itan. Bí Bàbá wa ṣe fò bí ẹni bọ́ sí kòtò, igun ẹ̀rọ gún un lẹ́yìn.

"Yéè! Ẹ̀yìn mi o!"

Ìyá wa rọra gbé e padà fún onítáì. Kékeré la rà. Ọkùnrin náà tilẹ̀ sọ bí a ti ń lọ pé bátìrì róbótó kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí ohun tí èèyàn bá kọ sọnù, bí wọ́n bá tiẹ̀ yọ àwọn méjì yòókù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Ẹlẹ́rìí wa kan ṣoṣo ni ẹni tó sọ pé òkú bátìrì ń sinmi.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà bọ́ sí àkókò ìsinmi wa, a sì tẹ̀lé Ìyá wa lọ sọ́dọ̀ ìyá Bàbá wa, Ìyá Àgbà, ní Lalupon. Gàrí ni Ìyá Àgbà ń yan. Ó nu ọwọ́, ó gba ẹ̀rọ náà, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ìyàwó mi, gbogbo ariwo ọjọ́ yìí, èyí náà nìyí? Mo ṣe bí ike àtíkè ni."

Àwọn àgbẹ̀ ń wọlé láti sọ bí ẹ̀gẹ́ wọn ṣe ta sí, Ìyá wa ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá arúgbó kan kò fẹ́ kúrò nídìí rẹ̀.

"Ìyá Mùínà, ṣé orúkọ mi ti wọ inú rẹ̀?"

"Ó ti wọlé, Bàbá."

"Ẹ má jẹ́ kó há síbẹ̀ o."

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ kọ̀wé síwájú Ìyá wa pé bátìrì òun ti ń tán, ìdajì ìjábọ̀ sì kù. Ṣọ́ọ̀bù tó wà ní oríta kò ní ju bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó sanra lọ. Epo bẹntiróò sì ti wọ́n gógó, ọ̀kadà kan kò rìn. Ọkọ̀ akógàrí ti ìdájí ọ̀la nìkan ló kù. Ìyá wa dìde dúró, ó tún jókòó. Mo rí Ṣakí lójú rẹ̀.

"Kí ló dé?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

"Bátìrì ló rẹ̀, Mà."

"Ìyẹn náà ni? Gbé e wá kó yá oòrùn."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò sí ilé tí wọn kì í sá bátìrì rédíò sóòrùn nígbà náà, tí rédíò kò sì ní tún pariwo fúngbà díẹ̀. Ìyá wa tó ní dìgírì kò jiyàn. Ó yọ méjèèjì bí ẹni yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ìyá Àgbà tò wọ́n sórí páànù tó gbóná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bátìrì rédíò tirẹ̀, èmi àti Mùínà sì ń lé adìyẹ. Gbogbo ohun tí Ìyá wa ti kọ láti ọjọ́ Ajé wà lọ́wọ́ bátìrì róbótó tí a kò fojú rí.

Nígbà tí ara wọn gbóná dáadáa, Ìyá wa dá wọn padà. Ẹ̀rọ dún tíì. Ojú rẹ̀ là. Orúkọ gbogbo àgbẹ̀ wà níbẹ̀ lódindi! Ìyá Àgbà kígbe "Alihamudulilai!" débi pé ará ilé kejì yọjú. Ẹ̀rọ náà kò ní iná nínú, nítorí náà ìta ni Ìyá wa jókòó sí. Bí oòrùn ti ń lọ ni Ìyá Àgbà ń ti àpótí ìjókòó rẹ̀ tẹ̀lé e, láti ìdí màǹgòrò dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá wa tẹ lẹ́tà tó kẹ́yìn, ó fi ìjábọ̀ pamọ́ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì kú fin-ín.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ó ra bátìrì tuntun ní Ìyànà Ọ̀fà, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì, ìjábọ̀ jáde. Ọ̀gá wọn kò kí i. Kò dúpẹ́. Ó wá fi kún un pé kó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fóun títí di ọjọ́ Ajé.

Ìyá wa ní, "Sà, ẹyọ kan ni tiyín náà, ẹ ò sì yá wa."

Ẹlòmíràn ni wọ́n gbé lọ sí Ṣakí, èyí tí n kò sọ pé ó dára.

Àwọn ẹ̀rọ òde òní lágbára, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lẹ bátìrì wọn pa mọ́ inú. Bó bá kú, kí a ra odindi mìíràn ni wọ́n ń fẹ́, ìwà olè gbáà nìyẹn. Ìyá Àgbà ti sùn, ẹ̀rọ ńlá ló ń yan gàrí ní ibi tó máa ń jókòó sí. Àmọ́ ojú ọ̀nà Lalupon ṣì kún fún kòtò, ẹ̀gẹ́ tí Ìyá wa kọ́ wọn láti gbìn sì wà lóko wọn di òní.

Ohun tí n kò ní gbàgbé ni àwọn ìrọ̀lẹ́ ọdún wọ̀nyẹn. Ọ̀kadà á dún ní ìyànà, Mùínà á sáré gbé omi kaná, èmi á sáré lọ gba báàgì. Ìyá wa á wọlé pẹ̀lú eruku pupa nínú irun rẹ̀, á sì bi wá léèrè ohun tí Bàbá wa fún wa jẹ lọ́sàn-án.

A ó ní, "Ẹ̀bà."

Á ní, "Ẹ̀bà náà?"

Ojoojúmọ́ ni. Ó sì wà nílé láti béèrè.