Rédíọ́mù Ìyáálé Mi

Ọdún tí gbogbo mọ́tò Nàìjíríà yí sí ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, nítorí mo lóyún. Ìyáálé mi wà nínú lọ́hùn-ún. Jẹjẹrẹ mú un lẹ́nu ilé ọmọ, wọ́n sì ti fi rédíọ́mù sí i lára. Òun ló gbà mí sílé ọkọ bí ọmọ bíbí inú rẹ̀, òun ló sì wẹ gbogbo ọmọ agboolé wa ní Ẹnu Ọwá. Mo jágbe mọ́ nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì ò bá mi jà. Ó ní irin ni rédíọ́mù, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ọwọ́ aago kí ó lè máa tàn nínú òkùnkùn. Ìtànṣán tí ojú ò rí ń jáde lára rẹ̀, òun ló ń pa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n kò mọ àrùn yàtọ̀ sí ọmọ inú oyún. Inú àpótí òjé ni wọ́n ń kó o sí, ẹ̀mú gígùn ni wọ́n fi ń mú un. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, kò ní ku nǹkankan lára aláìsàn.

Wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́, ó padà sílé. Mo bímọ. Gbogbo wa ń retí pé òun ni yóò wẹ ọmọ, àfi bó ṣe fà sẹ́yìn.

“Gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi. Tí wọ́n bá paná, ṣé ooru kì í kù nínú ààrò ni?”

“Ìyáálé mi, nọ́ọ̀sì ní kò kù.”

“Ṣé nọ́ọ̀sì ló lọmọ?”

Ó ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Òdìkejì àgbàlá ló ń jókòó sí, kò sì gbójú kúrò lára ọmọ náà. Ó dùn mí wọra.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé báàfù omi síwájú rẹ̀ gan-an, mo wẹ ọmọ ní ìwẹ̀kuwẹ̀. Mo ta omi sí i létí.

“Ọrùn rẹ̀! Di ọrùn rẹ̀ mú!”

“Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe nìyí, mà.”

“Háà! Ṣé o fẹ́ pa á ni?”

Mo gbé ọmọ náà tọṣẹtọṣẹ lé e nítan. Ọwọ́ rẹ̀ ti dì í mú kí ó tó rántí ẹ̀rù.

Mo kúnlẹ̀. “Ìyáálé mi, ọmọ tí mo rọbí rẹ̀ nìyí. Ṣé èmi náà á gbé e lé ikú lọ́wọ́?”

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ ọmọ náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

“Omi ti tutù,” ó ní. “Lọ bu gbígbóná wá, ọ̀lẹ.”