Ànàmọ́ Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí Munawwarah Tọ́jú

Nígbà tí Munawwarah fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ ní Èkó, gbogbo ará ilé ọkọ rẹ̀ ló ń bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Itamaga ní Ìkòròdú ni ilé wọn wà, ó sì ti sú u kí ó máa jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ọmọ sì ti sùn kí ó tó padà wálé. Bàbá rẹ̀ fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún un ní Agbowa. Ibẹ̀ ló gbà lọ, ó kọ ebè, ó gbin ànàmọ́ aláwọ̀ pupa tí èèpo rẹ̀ máa ń le, tí inú rẹ̀ kì í sì í lómi bí a bá sè é.

Ànàmọ́ náà ta dáadáa. Ìtọ́jú rẹ̀ ló di ìjàngbọ̀n.

Ó kó ìkórè àkọ́kọ́ wálé, ó tẹ́ ẹ sí yàrá ẹ̀yìn kí ojú ibi tí ọkọ́ ti ṣá a lè jiná. Àsìkò yẹn gan-an ni Àlíájà Kúbúrá, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, dé láti Ẹ̀pẹ́. Munawwarah kàn sáré dé ọjà ni. Nígbà tí yóò fi padà, Àlíájà ti da gbogbo ànàmọ́ sínú omi, ó ń fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́.

"Àlíájà, kí lẹ ń ṣe?"

"Ìyàwó, ìdọ̀tí ti pọ̀ jù lára oúnjẹ yìí. Èmi ò lè máa wò ó níran."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, a kì í fọ̀ ọ́ ká tó tọ́jú ẹ̀! Á rà!"

"Omi lásán ló máa ba oúnjẹ jẹ́?"

Ó rà. Nígbà tí òórùn rẹ̀ fi gba ilé kan, Àlíájà ti padà sí Ẹ̀pẹ́. Munawwarah nìkan ló gbẹ́ ihò tó kó wọn sí.

Lọ́dún kejì, kò sọ ìgbà tó fẹ́ wa ànàmọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi eérú àti iyanrìn gbígbẹ bò wọ́n nínú yàrá kan náà, ó pa ilẹ̀kùn dé. Òjò kan rọ̀, Àlíyù ọkọ rẹ̀ sì gbé jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sá wọ ibẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì náà ń jò. Ìgbà tí Munawwarah se ànàmọ́, Hanifah ọmọ wọn bù ú sẹ́nu, ó tu ú dànù.

"Mọ́mì, ó ń rùn bí ilé epo!"

Àlíyù kò tíì bọ́ bàtà nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi kọjú sí i.

"Bàbá Hanifah, ṣé ẹ kórìíra mi ni? Ẹ̀gbọ́n yín fi omi pa tèṣí, ẹ̀yin fi epo pa tọdún yìí. Ṣé iná ló kù?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Àlíyù, ṣùgbọ́n ó wo ojú rẹ̀, ó gbé e mì. "Má bínú. Ṣùgbọ́n ibo ni kí n wá gbé jẹnẹrétọ̀ sí?"

"Jẹnẹrétọ̀ lẹ ṣì ń sọ!"

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì lọ sí Agbowa. Wọ́n fi amọ̀ mọ ilé kékeré kan síbi tí ilẹ̀ ti ga, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí rẹ̀, wọ́n sì dá ojú fèrèsé sí i kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Àlíyù fúnra rẹ̀ ló po amọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bó, kò ráhùn. Ọwọ́ Munawwarah nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Nígbà tí Àlíájà gbọ́, ó ní, "Àbí olè ni wọ́n pè mí?" Kò wá sí Ìkòròdú mọ́. Ó dun Munawwarah, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ padà.

Ìkórè kẹta kò rà. Nígbà ààwẹ̀, Munawwarah se díẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ kí Àlíájà fi ṣínu. Àlíájà jẹ ẹ́, ó tún mú òmíràn.

"Ìyàwó, fún mi láyè díẹ̀ nínú ilé amọ̀ yẹn. Ewùrà mi ń bàjẹ́."

Munawwarah rántí omi àti kànìnkànìn. "Àlíájà, a ó kọ́ tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi."

"Agídí rẹ yìí náà!" ni Àlíájà wí, ṣùgbọ́n ó gbà.

Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé kejì. Àlíájà jókòó sábẹ́ igi, ó ń sọ fún wọn pé ògiri wọ́, pé fèrèsé kéré, pé amọ̀ ti ṣàn jù. Munawwarah bu amọ̀ mìíràn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.