Sìgá Ńlá Inú Fìríìsà

Ọ̀gá wa níléeṣẹ́ tí mo ti ń bójú tó sítọ́ọ̀ ní Ìkòròdú ló kọ́kọ́ fún mi ní sìgá ńlá, èyí tí wọ́n fi odidi ewé tábà wé, tí kò ní bébà lára. Ọjọ́ tó ń fẹ̀yìn tì ni. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo fà á díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ó ń ta sánsán bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnu mi ò gba sìgá oníbébà mọ́.

Ṣùgbọ́n owó oṣù mi ò tó ti ẹni tí ń mu irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tí kò wọ́n. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí, wọ́n ti da adùn fànílà sí i lára. Ó dà bíi pé mo po oògùn ikọ́ ọmọdé mọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀. Inú gọ́tà ló parí sí. Mo ra òmíràn ní bọ́sítọ́ọ̀pù, ló bá tú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo rí irun kan nínú rẹ̀, irun gígùn, ti ẹni tí n kò mọ̀ rí.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wá sọ fún mi nípa ìyá kan tó ń ta ọtí ní Èbúté Ìkòròdú, pé ó ní èyí tó dáa. Mo lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé.

"Ẹ káàsán, mà. Wọ́n ní ẹ ní sìgá ńlá."

"Mo ní i. Ó ku méjì. Inú fìríìsà ni mo ń tọ́jú ẹ̀ sí, kó má baà gbẹ."

Ó ṣí fìríìsà, ó gbé ẹja kúrò, ó tún gbé ẹja kúrò, ó wá fa ọ̀rá dúdú kan yọ lábẹ́ wọn. Omi ẹja ń kán lára rẹ̀, torí fìríìsà náà ò fi bẹ́ẹ̀ tutù. Ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó nà án sí mi. Ó yẹ kí n yí padà nígbà yẹn. Mo sanwó méjèèjì.

Ìyàwó mi ní òun ò ní gbóòórùn ẹ̀ nílé òun, nítorí náà ni mo ṣe mú un lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kejì, sílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun rí, ó mọ tábà dáadáa. Ó gba ọ̀kan, ó fi símú.

"Àbúrò, ẹja lèyí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tanná sí i ná."

Mo tanná sí i. Òórùn rẹ̀ dà bí àkísà tí wọ́n fi nu pátákó ẹlẹ́ja, tí wọ́n wá sọ síná. Síbẹ̀ mo tún fà á, torí owó mi ń dùn mí. Nǹkan kan bọ́ sí ètè mi. Mo rò pé eérú ni, mo fi ahọ́n tì í. Ó rìn.

Ẹ̀yìn ọgbà ni mo ti bì, mo bì títí tó fi jẹ́ itọ́ kíkorò nìkan ló ń jáde. Ẹ̀gbọ́n mi yọjú lójú fèrèsé.

"Ṣé oyún lo ní ni?"

Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó la ìkejì sí méjì. Kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán bí ẹ̀wà tó ti pẹ́ nílẹ̀, àwọn kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ sì ń rákò lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tó ò bi mí?" ló wí. "Kékeré ni kó o máa rà, ewé lásán, tí wọn ò da nǹkankan sí. Tẹ̀ ẹ́ wò. Tó o bá ti rí ihò bíi ojú abẹ́rẹ́ lára ẹ̀, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á."

Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta obì àti tábà nítòsí ilé wọn. Èyí tí mo rà níbẹ̀ ò gùn ju ìka mi lọ, ó le díẹ̀ lọ́fun, ṣùgbọ́n tábà ni. Mo ṣì ń lọ síbẹ̀ lóṣooṣù. Mo ń gbádùn rẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó fi í sẹ́nu, mo máa ń gbọ̀n ọ́n, mo máa ń gbé e sójú oòrùn wò bóyá ihò wà lára ẹ̀, màá sì tutọ́ sílẹ̀.